Fanid Kì í Ṣe Oògùn

Ewúrẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa pe ewúrẹ́ lẹ́jọ́? Ewúrẹ́ dúdú kan ni, ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́, orí rẹ̀ sì kunkun. Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, Rhimo tó ni ín ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ ewúrẹ́ tó kú náà lọ sin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹran náà ń sun wàrà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Rhimo fún wàrà náà, kò gbé e kaná, ó kàn fi í sílẹ̀ kó dì bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe, nítorí lápá òkè Shawen, obìnrin tó bá se wàrà kó tó jẹ́ kó dì, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín dé ọjà. Wọn á ní kò lọ́wọ́ wàrà. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná àti òróró ólífì. Òun nìkan ló jẹ ẹ́, nítorí òun nìkan ló wà nílé.

Mfeddal ọkọ rẹ̀ wà ní Dakhla, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí aṣálẹ̀ ti parí sínú òkun, ó ń bá ọkọ̀ ńlá pa ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn bí ojú. Ìgbà tí ìjọba bá ní kí wọ́n fi ẹran omi náà sílẹ̀ kó sinmi, kó bímọ, ni ó ń wálé. Rhimo a máa sọ ọ́ ní àwàdà pé ẹran omi ní ìsinmi ju ìyàwó apẹja lọ. Ghizlan, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé ní ilé àwọn ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ nílùú. Ìyá ọkọ ti kú. Ilé tí wọ́n kọ́ fún agbo ilé kan, obìnrin kan ló ń gbá a, òun náà ló ń dọ̀tí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlérí kan wà nílẹ̀. Ìgbà tí Ghizlan kúrò lọ́mú ni Mfeddal ti sọ ọ́: "Rhimo, bí ẹnu wa ò bá ju mẹ́ta lọ, màá kúrò lórí omi. Màá lọ bá àbúrò bàbá mi nídìí ẹ̀rọ tó ń fún ólífì. Bí a bá tún bí òmíràn, òkun ni yóò sin mí." Láti ọjọ́ náà ni Rhimo ti ń lo fanid, hóró kékeré tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún. Ọdún mẹ́wàá gbáko, kò gbàgbé rí. Bó bá ti gbọ́ ìpè àdúrà ìrọ̀lẹ́, á ju ọ̀kan sẹ́nu, á fi omi tì í. Ọdún yìí ni Mfeddal sì wí pé ó ku ìgbà ìpẹja kan péré, kí òun wá jókòó sílé bí ọmọ èèyàn. Gbogbo ohun tí Rhimo ń retí láyé kò ju ìyẹn lọ.

Ibà dé nígbà tí igi ólífì ń yọ òdòdó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara á yá. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, òtútù á mú un, ẹ̀yìn á máa ro ó, òógùn á wẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀ láti mọ bí ó ti gbóná tó, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbóná kì í mọ orí tó gbóná. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni èèyàn ń fi mọ̀ pé ara òun ò dá, kò sì sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú ilé náà. Ìyá Shama, arúgbó tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, ló bá a lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń gbọ̀n lẹ́bàá ààrò, tó pariwo, "Ọmọ mi! O fẹ́ kú síbí kí ewúrẹ́ wá máa ròyìn ẹ fún wa ni?" Òun ló fà á wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn nílùú.

Dókítà ibẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ Kasa, ìlú ńlá tó jìnnà síbẹ̀, ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ibà tó ń ti inú wàrà tí a kò sè wá ni.

"Ṣé oògùn kankan wà tí ẹ ń lò lọ́wọ́, màmá?"

"Rárá, dókítà. Èmi kì í lo oògùn."

"Kankan?"

"Kò sí. Ewé táímù ni mo ń mu bí inú bá ń run mí."

"Ẹ ò sì lóyún?"

"Oyún bí? Ọkọ mi wà lójú omi!"

Dókítà rẹ́rìn-ín, Rhimo náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì parí síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó purọ́. Èmi gan-an tí mo ti pẹ́ láàárín wọn, mi ò tíì gbọ́ obìnrin kan lókè yẹn tó pe fanid ní oògùn. Oògùn ni ti aláìsàn. Fanid ni ti obìnrin tó ń fètò sí ọmọ bíbí. Láyé àtijọ́, súùtì ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè, ta ló sì ń ka súùtì mọ́ oògùn? Bí dókítà bá ní, "Ṣé ẹ ń lo fanid?", kíá ni Rhimo ì bá ti dáhùn. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n abèèrè tí kò mọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọ̀nà ńkọ́?

Ó fún un ní oríṣi oògùn apakòkòrò méjì, pé kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn pupa bí ata gígún. "Ẹ gbọ́ o, màmá. Èyí pupa yìí, gbogbo ohun tó bá ń ti ara yín jáde ló máa kùn. Ìtọ̀, òógùn, omijé. Bí ẹ bá rí pupa, ẹ má fòyà."

Rhimo di ọ̀rọ̀ náà mú. Ẹ má fòyà.

Oògùn náà ò tíì parí nígbà tí ẹran omi gba ìsinmi, tí Mfeddal sì wálé. Ó ti rù díẹ̀, iyọ̀ òkun ti jẹ irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ò yí padà. Rhimo fò mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ sì kun èjìká ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọkùnrin náà wọ̀.

"Yéè! Rhimo, omi kárọ́ọ̀tì ló ń jáde lójú ẹ!"

"Oògùn ni. Fi mí sílẹ̀ kí n sunkún."

"Sunkún o. Bó bá kún ife, màá mu ún."

Ìgbà yẹn dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dùn, nítorí òun ni Rhimo ń padà lọ bá nínú ọkàn rẹ̀ lẹ́yìnwá ọ̀la. Ghizlan wálé fún ìsinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà pàkálà sísè pẹ̀lú èròjà kúmínì. Mfeddal ń fi ìka kan etí òsì ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìdílé Mfeddal pátá, láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn, ló ní ihò kékeré kan níwájú etí òsì, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn ará abúlé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run fẹ́ lu etí wọn, ìgbà tó rí i pé ọkùnrin ni, ó dáwọ́ dúró. Ghizlan jẹ́ obìnrin, ihò náà sì wà níbẹ̀. "Ti Ghizlan ni Ọlọ́run gbàgbé láti parí," ni Mfeddal wí, ọmọ náà sì gbá a lọ́wọ́ dànù.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Rhimo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú aṣọ rẹ̀, nígbà tí kì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù rẹ̀. Láti ọdún tó ti ń lo fanid, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó wò ó. Ó rántí dókítà. Bí omijé bá lè pupa, tí òógùn lè pupa, kí ni a ó wá yọ ibi yìí sílẹ̀ sí? Ó fọ aṣọ, ó sá a, kò sì fòyà. Ara rẹ̀ ń pariwo sí i, òun rò pé ó ń kọrin ni.

Mfeddal padà sí Dakhla. "Ìgbà kan péré ló kù," ó sọ ọ́ láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. "Sọ fún ewúrẹ́ pé mò ń bọ̀ wá gba ilé mi."

Ibà lọ. Àárẹ̀ míràn dé. Ìyá Shama gbé wàrà dídì wá fún un lọ́jọ́ kan, Rhimo di imú, ó sáré jáde. Arúgbó náà tẹ̀lé e, ó dúró tì í títí ó fi bì tán, ó sì ń wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ tí ò ń gbé inú wàrà bí eṣinṣin, lónìí ó ń rùn sí ẹ?"

"Ìyá Shama, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mò ń lo fanid."

"Ọmọ mi, ẹnu mi ni kó má sọ ọ́ ni àbí ikùn ẹ?"

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílùú, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Rhimo gun òrùlé lọ, nítorí orí òrùlé nìkan ni tẹlifóònù ti ń gbọ́ra dáadáa. Ó ti ro ohun tí Mfeddal máa sọ. Á bínú. Á ní ẹnu ti di mẹ́rin, òkun ti padà gba òun. Rhimo ti múra sílẹ̀ de ìyẹn, ó sì ti sunkún ìyẹn tán. Kò múra sílẹ̀ de ohun tó gbọ́.

Rhimo sọ ọ́ fún Mfeddal. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé o dá fanid dúró ni?"

"Mi ò dá a dúró. Mi ò gbàgbé rí. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Kò gbàgbé rí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ó dára. Fanid ti ń dá tèmi dúró láti ọdún mẹ́wàá, Rhimo. Ta ni ẹni tí fanid kò lè dá tiẹ̀ dúró?"

Ó pa tẹlifóònù.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Rhimo dúró lórí òrùlé. Aṣọ tó sá ń fẹ́ lu ara wọn. Ó tún pè é, kò gbé e. Ó pè é lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé e. Ta ni ó fẹ́ sọ fún? Ìyá Shama? Ẹnu arúgbó yẹn, bó bá gbọ́ ní àárọ̀, odò á gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Ghizlan ńkọ́? Ta ló ń sọ irú ìyẹn fún ọmọ? Àwọn obìnrin pàdé rẹ̀ lẹ́nu omi, wọ́n ń kí i kú oríire, wọ́n ń bi í léèrè ọkọ rẹ̀, ó ń dáhùn pé àlàáfíà ló wà, pé inú rẹ̀ dùn gan-an. Ẹ̀sùn náà wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo òkè náà tó mọ̀ pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Ó ti dá wà rí, ọdún pípẹ́ ló ti ń dá wà, ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, ó ń dá wà de ẹnì kan ni.

Ewúrẹ́ dúdú nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ náà, oyún tìẹ bàjẹ́, wọn ò bi ẹ́ ní ẹni tó ni ín." Ewúrẹ́ jẹ koríko.

Nígbà tí ooru rọlẹ̀, ó lọ sí kẹ́mísì nílùú láti ra ohun tí yóò pa àyà títa. Wafae, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ti ń ta fanid fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́. "Ìyá Ghizlan! Ojú yín rèé! Ẹ ò wá gba fanid mọ́."

Bí omi ṣe ya bèbè nìyẹn. Rhimo di pẹpẹ mú, ó sunkún níwájú àwọn tó ń ra ìpara àti oògùn ikọ́. Wafae fà á wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Rhimo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí Mfeddal sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì tún dún burú ju bó ti gbọ́ ọ lọ.

Wafae di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nígbà tí ọkọ yín wálé, ṣé ara yín ò dá? Ṣé ẹ gbé nǹkan kan mì, yàtọ̀ sí fanid?"

"Oògùn ibà wàrà."

"Ṣé ọ̀kan nínú ẹ̀ pupa?"

"Omijé mi gan-an pupa."

Wafae fọwọ́ lé orí. "Yéè, Ìyá Ghizlan. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn apakòkòrò ni kì í bá fanid jà. Èyí pupa yẹn ló yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ yín ló ń lé sáré, tí ẹ̀dọ̀ fi ń gbá fanid dànù kó tó ráyè ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń gbé e mì lóòjọ́, bí ẹni da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn?"

"Mo rí i. Dókítà ní bí mo bá rí pupa, kí n má fòyà."

"Dókítà náà ò wá bi yín léèrè ni?"

"Ó bi mí." Rhimo nu ojú. "Ó ní, ṣé mò ń lo oògùn. Fanid kì í ṣe oògùn."

Wafae fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. "Ìyá tèmi náà ò pè é ní oògùn rí," ló wí. Ó ní kí ó lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ ọmọ inú wò, nítorí oògùn tó lò nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́. "Ẹ pe nọ́ńbà ọkọ yín fún mi. Tẹlifóònù tèmi ni ká fi pè é, kò mọ̀ ọ́n, á gbé e."

Ó gbé e lóòótọ́. Wafae ò gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún un. Ó ṣàlàyé oògùn, ó ṣàlàyé ẹ̀dọ̀, ó sì fi kún un pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ̀nba tí o mọ̀ nípa fanid kò tó kí o fi ba obìnrin jẹ́." Rhimo jókòó sórí páálí, ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ bí ìró kòkòrò láti inú ẹ̀rọ náà, kò mọ ohun tó ń wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Mfeddal fúnra rẹ̀ pè. Ó ń sunkún. "Mo gbà, Rhimo. Mo gbà gbogbo rẹ̀. Ṣàìtánì ló ti ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Má ka òkun sí mọ́. Ẹnu ìbáà di mẹ́rin, ẹnu ìbáà di mẹ́wàá, mò ń bọ̀ wálé."

Ó sì wá. Ó bá àbúrò bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ólífì bó ṣe ṣèlérí, òróró ń rùn lára aṣọ rẹ̀ dípò iyọ̀. Òun ló ń pọnmi. Òun ló ń fún ewúrẹ́ ní oúnjẹ, ó sì gbé wàrà kaná, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Nílé tíì, ó ń sọ ìtàn fanid àti oògùn pupa fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, ó ń ṣàlàyé ẹ̀dọ̀ bí ọ̀mọ̀wé. Ó tún sọ ọ́ fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́. Rhimo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin, ó sì ń rò pé ọkọ òun ti gbà lóòótọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, pé ohun tí òun ń retí láti ọdún mẹ́wàá ti dé, pé ọkọ òun ló ń hanrun ní ẹ̀gbẹ́ òun yìí. Ó ń tún un sọ lọ́kàn, bí ẹni ń lo oògùn.

Nígbà tí òjò dídì bo orí òkè ni ó bímọ, nílé ìwòsàn, ọmọkùnrin, gbogbo ara rẹ̀ pé. Ìyá Shama gbé e, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e dé ọrùn, fìlà sì bo orí rẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Mfeddal. Ó wọlé tòun ti aṣọ òtútù lọ́rùn.

Rhimo ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń retí kó wo ojú ọmọ. Ó ń retí kó wo ojú òun.

Mfeddal gba ọmọ náà, ó yí i díẹ̀ síbi fèrèsé, síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó fi ìka kan ká fìlà sókè ní apá òsì. Ó tẹ orí ba, ó ń wo iwájú etí ọmọ náà.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún. "Ó wà níbẹ̀," ló ń wí, "ó wà níbẹ̀, Rhimo! Ọmọ mi ni!"

Ìyá Shama ń ṣàdúrà, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ọmọ ta ni ì bá tún jẹ́, ìwọ òmùgọ̀ yìí? Gbé e fún ìyá ẹ̀."

Mfeddal gbé ọmọ náà lé Rhimo láyà, ó fẹnu kò ó níwájú orí, ó ní kó kú ewu. Rhimo dáhùn pé ewu ò sí. Ó fa fìlà ọmọ náà wálẹ̀ padà, ó fi bo etí rẹ̀ dáadáa, ó sì kọjú sí ògiri.